Àwọ̀ Méjì Nínú Ojúlé Kan

Nígbà tí olóòtú ìwé wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ wá, mo mọ̀ pé ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni pé kí n kọ nípa iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. N óò kọ nípa kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó ti dogbó ni. N óò sì kọ nípa ìyá tí ó bí ìyá mi, tí kò lọ sí ilé ìwé rí. Ẹ̀bi kan wà ní ọrùn mi nípa ìyá yìí, ó sì ń lọ sí ogójì ọdún báyìí tí mo ti ń gbé e kiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, ní Peckham, ní ọdún 1974. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìyá mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wa sọ nínú ilé, nítorí wọ́n rò pé bí a bá kó èdè méjì pọ̀, ahọ́n wa yóò wúwo ní ilé ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ jà tàbí tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, nígbà náà ni Yorùbá ń jáde lẹ́nu wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbogbo Yorùbá tí mo gbọ́ kò ju ti ìjà àti ti gbèsè lọ.

Ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 1984 ni bàbá mi gbé àpótí kan wọlé. ZX Spectrum ni ó wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Sinclair Research ti ìlú Cambridge gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1982. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, pọ́n-ùn 175 ni wọ́n ń ta èyí tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ 48K, pọ́n-ùn 125 ni wọ́n sì ń ta ti 16K. Tiwa kì í ṣe tuntun. Ọwọ́ ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ ni bàbá mi ti rà á. Dúdú ni, kò tóbi ju ìwé ńlá kan lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bíi rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́, òṣùmàrè kékeré kan sì wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò ní ojú ti ara rẹ̀. Ara tẹlifíṣàn ni a ń so ó mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin ni a sì fi ń pa iṣẹ́ mọ́ fún un. Bí ó bá ń ka kásẹ́ẹ̀tì náà, a máa hu bí ẹni tí eyín ń dùn, ìyá mi a sì máa bẹ̀ wá pé kí a ti ìlẹ̀kùn.

Àwọ̀ mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ yìí mọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí òkè àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà. 0 ni dúdú, 1 ni àwọ̀ aró, 2 ni pupa, 3 ni elésè àlùkò, 4 ni àwọ̀ ewé, 5 ni àwọ̀ ojú sánmà, 6 ni àwọ̀ ìyeyè, 7 ni funfun. Bí a bá ní kí wọ́n tàn sí i, gbogbo rẹ̀ a di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í di mẹ́rìndínlógún, nítorí pé dúdú kò mọ bí a ti ń tàn. Ẹ wá wò ó, kò sí àwọ̀ obì níbẹ̀, kò sí àwọ̀ ilẹ̀, kò sí àwọ̀ ara ènìyàn dúdú kankan. Èyí kò kàn mí nígbà náà. Ọmọdé kì í béèrè ohun tí kò sí nínú àwo, èyí tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́jọ kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Àmì tíntìntín 256 ni ó tò sí ìbú ojú tẹlifíṣàn náà, 192 ni ó tò sí òró. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, 49,152 ni. Bí àmì kọ̀ọ̀kan bá ní láti mú àwọ̀ tí ó wù ú, báìtì 24,576 ni ojú àwòrán kan ṣoṣo yóò gbà, èyí sì jẹ́ ìdajì gbogbo ìrántí 48K. Ìrántí sì wọ́n nígbà náà. Kí ni àwọn tí ó ṣe é wá ṣe? Wọ́n pín ojú náà sí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké, 32 ní ìbú, 24 ní òró, tí ó jẹ́ 768, tí igun kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró. Ojúlé ni èmi ń pè é. Wọ́n ní nínú ojúlé kan, àwọ̀ méjì péré ni yóò máa gbé: ọ̀kan fún ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní PAPER, ọ̀kan fún ohun tí a yà sí i, tí wọ́n ń pè ní INK. Báìtì 6,144 ni ó wà fún ìyàwòrán, báìtì 768 péré ni ó sì wà fún gbogbo àwọ̀. Ó di 6,912. Báyìí ni wọ́n ṣe fi owó táṣẹ́rẹ́ ra aṣọ aláwọ̀.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí àwọ̀ kẹta bá wọ ojúlé, kò lè bá àwọn onílé gbé. Ó ní láti lé ọ̀kan jáde. Nínú eré orí kọ̀ǹpútà, bí ọkùnrin aláwọ̀ funfun bá ń kọjá níwájú igi tútù, ewé igi náà a di funfun ní ibi tí ó bá dé, tàbí kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ di ewé. Àwọn kan sá fún wàhálà yìí pátápátá. Nínú eré Knight Lore, tí ó jáde ní ọdún 1984, àwọ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú dúdú ni wọ́n fi ya yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé ìwé ní Commodore 64, tí àwọ̀ tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún tí àwọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú wọn, a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdè: bí ó bá fẹ́ kí àwọ̀ mẹ́rin gbé inú ojúlé kan, àmì rẹ̀ ní láti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí 320 ní ìbú a di 160. Kò sí ẹni tí wọn kò fún ní ìwọ̀n nínú gbogbo wa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin, Ìyá Àgbà sì ti Ìbàdàn wá láti bá a tọ́jú ọmọ. Ó wọ kóòtù ńlá tí bàbá mi gbé lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, mo rò pé kò bọ́ ọ títí ó fi padà sílé. Yàrá tí mo ń sùn ni wọ́n fi í sí. Òun ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ń sùn nílẹ̀, kọ̀ǹpútà mi sì wà lórí tábìlì láàrin wa pẹ̀lú tẹlifíṣàn kékeré kan tí kò ní àwọ̀, tí bàbá mi rà ní ọjà àlòkù. Bí a bá fẹ́ rí àwọ̀, a ní láti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí pálọ̀, kí bàbá mi sì ti gbọ́ ìròyìn tán.

Ìyá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò gbọ́ Yorùbá. A máa ń wo ara wa bí ẹni tí odò wà láàrin wọn. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó ń ta aṣọ. Ìyá mi kò sọ fún mi pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, n kò ní mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pinnu láti ya àwòrán rẹ̀. Ilé ìwé wa fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní oṣù kẹfà ọdún tí ó ń bọ̀, mo sì fẹ́ gbé nǹkan tí ẹnìkan kò ní lọ. Mo kọ́kọ́ yà á sínú ìwé ìṣirò onílà àpótí, lẹ́yìn náà ni mo fi ètò ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Melbourne Draw tò ó sí ojú tẹlifíṣàn, àmì kan lẹ́yìn àmì kan. Gèlè rẹ̀ ni mo fún ní 5. Ojú rẹ̀ ni mo fún ní 6, nítorí pé nínú gbogbo eré tí mo ti ṣe, ojú ènìyàn kì í ju funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè lọ, kò sì wá sí ọkàn mi pé a lè fi àwọ̀ mìíràn ya ojú. Nígbà tí mo parí, mo pè é kí ó wá wò ó.

Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó títí. Ó ní, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin ni à ń sọ." Mo tún un sọ: "Ẹ̀yin ni." Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí mo yà, ó ní, "Wò ó, ọkọ mi. Èmi kì í ṣe òyìnbó."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ojú tí mo yà, mo tún wo ọwọ́ èmi náà lórí bọ́tìnnì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, n kò tíì ya ẹnìkan tí ó jọ mí rí.

Ní orí tẹlifíṣàn tí kò ní àwọ̀, nọ́ńbà àwọ̀ náà ń tò láti òkùnkùn lọ sí ìmọ́lẹ̀. 0 ni ó dúdú jù, 7 ni ó mọ́lẹ̀ jù, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo fi ojú náà sọ̀kalẹ̀ láti 6 sí 2. Ó ṣú, ó bá a mu, Ìyá Àgbà mi orí. Inú mi dùn, mo sáré gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀. Ha! Ojú Ìyá Àgbà pọ́n bí ata rodo. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti fi osùn kun òun.

Nígbà tí a padà sí yàrá, ó mú gègé mi àti ìwé onílà àpótí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta àmì dúdú sínú rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí ó ń fo àpótí kan láàrin. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ẹyẹ tí ń ṣa ọkà. Ó pe ìyá mi kí ó wá gbufọ̀ fún wa. Ó ní ìkòkò aró òun kò ní ju aró kan lọ, aṣọ òun kò sì ní ju funfun kan lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn máa ń rí àwọ̀ mẹ́ta àti mẹ́rin lára aṣọ òun. Bí òun bá fi ìyẹ́ adìẹ ta ẹ̀kọ láfún sí aṣọ ní tótò-tó-tò, ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní mu aró, yóò funfun. Bí funfun bá ti wọ́ sí àárín aró bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá dúró lókèèrè yóò rí aró tí ó fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Ojú ni ó ń po àwọ̀, kì í ṣe ọwọ́."

Mo ṣe bí ó ti wí. Ìlà kìíní nínú ojúlé kan jẹ́ 170, ìkejì jẹ́ 85, ìkẹta 170, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ, tí dúdú àti pupa fi ń fo ara wọn. Ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, lórí imú àti níwájú orí, mo dín dúdú kù. Ní abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo fi kún un. Tẹlifíṣàn ìgbà náà kì í fi ojú àmì hàn gbangba, a máa da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, èyí sì wá di ìrànlọ́wọ́ fún wa. Nígbà tí a tún gbé e lọ sí pálọ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ obì ni ó jáde. Kì í ṣe àwọ̀ ara rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìyá mi wò ó, ó sì pè é ní "Màmá".

Ó ku ibi tí gèlè ti pàdé iwájú orí. Nínú àwọn ojúlé ibẹ̀, dúdú wà, pupa wà, àwọ̀ ojú sánmà sì fẹ́ wọlé, nítorí náà gèlè ń ṣàn sí ojú rẹ̀ bí omi òjò. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jà. Ìyá Àgbà wá tú àpótí rẹ̀, ó yọ aṣọ kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé igun mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú igun kan, tí iṣẹ́ mìíràn wà nínú òmíràn, tí ìlà sì là wọ́n láàrin. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà. Ó ní òun kì í bá igun jà. Kí òun tó ki ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ ni òun ti ń pín aṣọ, iṣẹ́ tí ó bá sì wà nínú igun kan gbọ́dọ̀ parí síbẹ̀. "Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣe é sún, onílé ni ó ń sún."

Mo bá gbé etí gèlè náà sókè ní àmì mẹ́ta, kí ó lè bọ́ sí orí ààlà ojúlé gẹ́lẹ́, mo sì fi ìlà dúdú kan là á. Dúdú ni ó wá di ará ilé fún ìhà méjèèjì: gèlè jẹ́ dúdú lórí 5, ojú jẹ́ dúdú lórí 2, kò sí ojúlé tí ó gba àlejò kẹta. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Don Priestley ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú eré Popeye ní ọdún 1985 àti The Trap Door ní ọdún 1986: ó ya àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ńlá, ó sì tò wọ́n mọ́ ààlà ojúlé, àwọ̀ wọn sì dúró ṣinṣin níbi tí ti àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣàn. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn àwọn eré wọ̀nyí ń yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn. Ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ Ìyá Àgbà sílẹ̀, ibi tí ẹ̀bi mi sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ọwọ́ wa méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́ náà. Lórí iṣẹ́ náà ni mo sì ti gbọ́ Yorùbá: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, dín in kù, fi kún un, ó tó, kò tíì tó. Ó kọ́ mi pé funfun, pupa àti dúdú ni orúkọ àwọ̀ tí ó dá dúró ní èdè wa, pé àwọn yòókù ń gba orúkọ lọ́wọ́ ewé, lọ́wọ́ aró, lọ́wọ́ èso àti lọ́wọ́ ojú sánmà. Mo rò nínú ọkàn mi pé àwọ̀ mẹ́ta péré! Kọ̀ǹpútà mi mà ní mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ohun tí Ìyá Àgbà rí tí kò lè pè. Ó ń pò ó ni.

Ọjọ́ àfihàn pé ní oṣù kẹfà ọdún 1986. Iṣẹ́ há bàbá àti ìyá mi mọ́ ibi iṣẹ́, Ìyá Àgbà ni ó bá mi lọ, ó pọn àbúrò mi, ó ró ìró, ó wé gèlè, ó sì wọ kóòtù ńlá náà lé e nínú oòrùn. Bí a ti wọlé ni àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgbùnwọ́ gbún ara wọn. Mo rí wọn. Mo yára rìn ṣíwájú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ bíi mẹ́rin.

Olùkọ́ wa dúró níwájú àwòrán náà pẹ́. Ó bi mí pé ta ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n títa àmì yìí. Mo ní inú ìwé kan ni mo ti kà á. Ó gbé ojú sókè, ó rí Ìyá Àgbà, ó rí gèlè orí rẹ̀ àti gèlè inú tẹlifíṣàn, ó sì bi mí bóyá ìyá yìí ni ó wà nínú àwòrán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń tẹ́tí. Mo mi orí. Mo ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni, mo kàn rò ó lọ́kàn ni. Mo ní obìnrin náà ń bá wa gbé ọmọ.

Ìyá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́ orí tí a mì?

Nínú bọ́ọ̀sì ni ó ti bi mí pé, "Kí ni olùkọ́ yín ń bi ọ́?"

Mo ní, "Ó ní àwòrán náà dára."

"Kí ni o wí fún un?"

Mo ní, "Mo ní ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi." Mo pè é ní "ẹ̀yin" dáradára, n kò ṣì í. Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì jẹ́ gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo sọ láìṣe àṣìṣe.

Ó wò mí. Ó ní, "O ṣeun, ọkọ mi." N kò mọ̀ di òní olónìí bóyá ó gbà mí gbọ́.

Ní oṣù keje, ó padà sí Ìbàdàn. Ó fi Ìbàdàndùn náà sílẹ̀ fún mi. Ní ọdún 1989, a gba ìròyìn pé ó ti papò dà. Mo ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, n kò lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ èdè náà ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì wá ṣiṣẹ́ sí ilẹ̀ tí ó ti wá. Àwọn ènìyàn máa ń yìn mí pé mo gbọ́ Yorùbá tó ọmọ tí a bí sí ilé. Bí a bá dá aṣọ fún ọ̀lẹ, à sì tún pa á láró fún un, kí ni ọ̀lẹ ṣe tí a fi ń yìn ín?

Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá mi kó ẹrù ilé rẹ̀, ó rí kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo kọ "IYA" sí lára, ó sì fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé. Lónìí, ètò wà tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà ìsìnyí ṣe bí Spectrum. Bí a bá gba ohùn kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, yóò kà á. Títí di òní pàápàá, àwọn ènìyàn ṣì ń ya àwòrán tuntun fún ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ń pa òfin àwọ̀ méjì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù 16 lọ ni ó wà níwájú wọn. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, mo jẹ́ kí ó máa hu.

Bí àwòrán ṣe ń wọlé láti inú kásẹ́ẹ̀tì, ìlà ni ó kọ́kọ́ ń wá, láìsí àwọ̀, ní ìpele mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní àfo-àfo, bí ẹni ń hun aṣọ. Mo rí gèlè, mo rí imú, mo rí ẹnu tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Dúdú lórí funfun ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni báìtì 768 ti àwọ̀ ń bọ́ sí i, ojúlé lẹ́yìn ojúlé, láti òkè. Gèlè gba àwọ̀ ojú sánmà. Iwájú orí gba àwọ̀ obì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà á, àgbọ̀n gbà á. Nígbà tí ó dé ọrùn, kásẹ́ẹ̀tì já ohùn, gbogbo rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ náà sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "R Tape loading error". Bùbá rẹ̀ ṣẹ́ kù sí dúdú lórí funfun.

Mo jókòó pẹ́. N kò rántí àwọ̀ tí mo fún bùbá náà. Mo délé, mo tú àpótí, mo tẹ́ Ìbàdàndùn sílẹ̀, mo wo iṣẹ́ ara bùbá tí mo yà: òpó Mápó ni. Aṣọ náà ni mo ti wò yà á. Ojúlé tí kò rí àwọ̀ gbà jẹ́ 56, ìyẹn ni dúdú lórí funfun. Aró lórí funfun jẹ́ 57. Ẹyọ kan péré ni ó kù kí bùbá ìyá mi ní aró. Mo fi ọwọ́ kọ 57 sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, n kò jẹ́ kí ẹ̀rọ bá mi tò ó.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹ̀rọ ti kọ àṣìṣe sí, ibẹ̀ ṣófo. Spectrum kò mọ àmì ohùn wa, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà 21 tí onílé lè yà fúnra rẹ̀, báìtì mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ya márùn-ún: Ì, Á, À, Ó àti Ọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó fún mi ní iṣẹ́ jù, ohùn lókè, àmì nísàlẹ̀, lẹ́tà láàrin, gbogbo wọn nínú òró àmì mẹ́jọ. Mo ní láti ké lẹ́tà náà kúrú kí ẹrù rẹ̀ tó lè gba ojúlé. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ÌYÁ ÀGBÀ NI Ó KỌ́ MI.

Èyí ni ìdáhùn tí olùkọ́ mi béèrè ní ọdún 1986. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ ìwé yín, tí ẹ ń to orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé sí ìsàlẹ̀, ẹ rántí ẹni tí ó ta àmì àkọ́kọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Èmi pẹ́ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó dìgbóṣe.